Kọ́bọ́ọ̀dù Baba Dídán

Oúnjẹ ọ̀sán oṣooṣù ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà kì í bẹ̀rẹ̀ kí aago kan tó lù, ṣùgbọ́n aago méjìlá ni Ìyá Aránṣọ máa ń dé gbọ̀ngàn, kí ẹlòmíràn má baà jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù keje. Kò sí ẹni tó ń bá a du àga náà. Ó jìnnà sí oúnjẹ, ó jìnnà sí fèrèsé, ẹsẹ̀ tábìlì sì wà níwájú rẹ̀ gan-an tó máa ń gbá ènìyàn lórúnkún. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn bá wà, ìdí ò gbọdọ̀ jìnnà síbẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rìnlélógún ló tò sára ògiri ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ga ju ènìyàn lọ díẹ̀, wọ́n sì fẹ̀ tó èjìká. Inú wọn ni àwọn àgbàlagbà náà ń kó fìlà, agboòrùn, bàtà ìrọ̀rùn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí. Ọkọ Ìyá Aránṣọ ló kan gbogbo wọn. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n Baba Dídán ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí iṣẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá dán. Bó bá ti kan nǹkan tán, yóò yọ́ ìda oyin mọ́ òróró, yóò fi àkísà fà á sára igi, yóò máa yí ọwọ́ po títí wàá fi rí eyín ara rẹ nínú pákó. Kò fi ìṣó kan ṣoṣo kan àwọn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ó gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu pákó kan, ó gbẹ́ ihò sí èkejì, ó fi ọ̀kan wọ inú ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó lu ihò tó gba àtàǹpàkò, ó lù ú já ògiri bọ́ sí ìta, kí ọ̀rinrin má baà há sínú. "Igi ń mí," ni ó máa ń wí. "Ẹ má dí i nímú."

Oṣù kẹjọ nìyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣíwọ́ mímí.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Ìyá Aránṣọ wá ti kọ́bọ́ọ̀dù keje pa. Kóòtù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ lórí háńgà onígi, kóòtù gígùn aláwọ̀ ilẹ̀ tí Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ rán, tí ìda ogún ọdún ti wọ̀ lára títí ó fi le bí awọ. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó ṣe é mọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, wọn kì í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ títí ọdún kan yóò fi pé. Lóṣooṣù, bí Alága bá ń pe orúkọ, yóò pe ti olóògbé náà mọ́ ti àwọn alààyè. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó dáhùn, Alága yóò dìde, yóò rìn lọ bá kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, yóò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, yóò dúró díẹ̀, yóò sì padà lọ fa ìlà sínú ìwé. Ẹ̀yẹ ìkẹyìn ni.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, igi nìkan ló dún. Ní oṣù kẹrin, nǹkan dáhùn.

"Hùn."

Kúkúrú báyìí, bí ọkùnrin tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀, tí ìyàwó pè láti inú ilé ìdáná. Ìyá Aránṣọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Etí mélòó ló kù nínú ẹgbẹ́ náà? Gíà Kẹrin tó máa ń jókòó nítòsí rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ogójì ọdún. Ẹ́ńjìnnì ti jẹ etí ọ̀tún rẹ̀ tán, ó ti ń jẹ tòsì. Alága ní tirẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kì í gbọ́ ohùn mìíràn bó bá ti ń gbọ́ ti ara rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Opó tó bá lóun gbọ́ ohùn ọkọ òun nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ fún Alága pé àwọn kọ́tìnnì gbọ̀ngàn ti ń ya, òun á máa wá tún wọn rán ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù keje. Bí ẹ̀rọ náà bá sáré díẹ̀, tí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, á gbọ́ ọ: hùn. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un: ẹ̀rọ omi tó ń jò, ọmọ ọmọ wọn tó ti hu eyín méjì, aládùúgbò tó sún ọgbà rẹ̀ wọ ilẹ̀ wọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. "O ò kúkú sọ̀rọ̀ jù báyẹn lọ," á wí fún ilẹ̀kùn. "Bó o ṣe wà láyé náà nìyẹn."

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìdáhùn náà gùn. Kì í ṣe hùn mọ́. Hùùùùn ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gòkè, kì í sì í tètè dákẹ́. Inú Ìyá Aránṣọ dùn bí inú ẹni tí aláìsàn rẹ̀ béèrè oúnjẹ. Ara rẹ̀ ti ń le sí i, ni ó rò. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí, kò sì fi kan ihò rẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí, kí wọ́n má sì bá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó fi òfin ẹgbẹ́ ṣe odi, ó sá sẹ́yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣì kù kí ọdún pé.

"Ta ló ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ lónìí?" Gíà Kẹrin béèrè ní Sátidé yìí, bó ṣe ń ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ọrùn. "Dókítà eyín ni wọ́n mú wá lóṣù tó kọjá. Gbogbo ẹran tó wà níwájú mi ló bà jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu."

"Olóyin ni," Alága dá a lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè dà á láàmú."

"Èmi? Èmi tí mi ò lẹ́nu?"

"Tí ẹ ò lẹ́nu! Ẹnu yín ló máa ń ṣíwájú yín wọlé."

Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n ni wọ́n ń retí. Obìnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ló wọlé, tòun ti ṣòkòtò àti bàtà òjò, ó gbé àpótí kan tí aṣọ dúdú bò mọ́ àyà bí ìkókó. Ó kí wọn yí ká, ó bá wọn jẹ ìrẹsì àti adìyẹ, ó sì dìde sí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó ká aṣọ dúdú kúrò, gbogbo orí na síwájú. Dígí ni iwájú àti ẹ̀yìn àpótí náà. Afárá kan ṣoṣo ló dúró láàárín, àwọn oyin sì bò ó mọ́lẹ̀ bámúbámú, wọ́n ń rìn lórí ara wọn.

"Ṣé wọn ò lè jáde?" Gíà Kẹrin béèrè.

"Wọ́n lè jáde, Bàbá, bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún wọn."

"Itan adìyẹ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọwọ́ wo ni n ó fi ṣílẹ̀kùn?"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Olóyin bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í sì í fi ìmọ̀ náà yangàn. Ó ní ibi tí àwọn ọmọ oyin bá wà nínú afárá, àwọn àgbà kì í jẹ́ kó tutù ju ara èèyàn lọ. Bí èèyàn bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní òkùnkùn, á rò pé abẹ́ abíyá ẹnì kan lòún tọwọ́ bọ̀. Ó ní àlàfo tó bá ti kéré jù fún oyin kan láti gbà kọjá, oje igi ni wọ́n fi ń dí i. "Kò sí aránṣọ tó lè pa ẹnu aṣọ pọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ìyá Aránṣọ, wọ́n ń bú yín o!" Gíà Kẹrin ké.

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bu ìrẹsì jẹ.

"Bí agbo kan bá pọ̀ jù, ìdajì wọn á kó jáde lọ wá ilé tuntun," Olóyin ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn tó gbọ́n jù ni wọ́n á kọ́kọ́ rán lọ wò ó. Ibi tó ṣókùnkùn, tó gbẹ, ni wọ́n fẹ́. Ihò ẹnu ọ̀nà tí kò ju àtàǹpàkò mi yìí lọ. Tó bá wá lọ jẹ́ pé òórùn ìda ti wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá, ó parí. Wọn ò ní wo ibòmíràn mọ́."

Ṣíbí Ìyá Aránṣọ dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu. Ó gbé e padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ẹsẹ̀ fa báàgì rẹ̀ wọ abẹ́ àga.

"Ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi," Olóyin wí. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan." Ó ká ìka, ó fi eegun rẹ̀ kan igi àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Hùn," ni àpótí wí, ó sì dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ? Mi ò nílò láti ṣí ilé oyin kí n tó mọ bí nǹkan ṣe rí nínú rẹ̀. Bí ohùn bá jáde lẹ́ẹ̀kan tó sì pa lẹ́nu, àlàáfíà ni. Ìyá wọn wà nílé. Ìyá kan ṣoṣo ló ń bí gbogbo wọn, òórùn rẹ̀ ló sì so wọ́n pọ̀."

"Bí ìyá náà bá kú ńkọ́?" Ọ̀dọ̀ Gíà Kẹrin ni ìbéèrè náà ti wá, kò sì sí àwàdà nínú rẹ̀.

"Nígbà yẹn, bí ẹ bá kàn án, ohùn náà ò ní dákẹ́. Á máa gùn, á máa gòkè. Wọ́n ń wá a ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olóyin fi oyin sí ìṣù búrẹ́dì pín fún wọn. Alága sì ṣí ìwé, nítorí orúkọ pípè ló kù.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Aránṣọ ń kà wọ́n lọ́kàn. Nígbà tó ku ẹnì kan kó kan ọkọ rẹ̀, ó dìde. "Alága, ẹ jẹ́ ká fò ó lónìí. A ní àlejò."

"Òfin ò mọ àlejò, Ìyá," Alága wí, ó sì gbé ohùn sókè. "Baba Dídán!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Alága dìde, ó rìn gba ẹ̀yìn àwọn àga kọjá, ó kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù keje lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó ti ń kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó, tí wọn ò gbọ́ nǹkan rí, lónìí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́. Láti inú igi, ohùn náà jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí àyà ti í gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́, ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó sì dúró sókè níbẹ̀ bí ẹni tí kò rí ibi sọ̀ kalẹ̀ sí. Alága ò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó dà bíi pé ọwọ́ náà ti gbàgbé ẹni tó ni ín.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," Gíà Kẹrin wí nígbẹ̀yìn, "bí etí tèmi yìí bá gbọ́ nǹkan, ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀."

"Igi ló ń dún," Ìyá Aránṣọ wí. "Oòrùn ló mú un. Igi máa ń dún bẹ́ẹ̀."

Olóyin ti dé ibẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ilẹ̀kùn, ó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, láti ìbàdí dé àyà. Ibi àyà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. "Ó gbóná níbí," ni ó wí. Kò wo Alága. Ó wá lóṣòó ti àga Ìyá Aránṣọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ohùn náà ti ń gùn báyìí?"

"Mẹ́ta," ni Ìyá Aránṣọ wí kó tó mọ̀ pé òún ti lanu. "Tẹ́lẹ̀, kúkúrú ni. Bí èèyàn ṣe ń jẹ́ni."

"Ara wọn le nígbà yẹn. Ìyá wọn wà láyé."

Ìyá Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó ti ẹkún, tó ń rán kọ́tìnnì, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. "Bí mi ò bá ṣí i ńkọ́?"

"Wọ́n á máa tán lọ. Òṣìṣẹ́ oyin kì í lò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, kò sì sí ẹni tó máa bí òmíràn. Tí wọ́n bá tán, kòkòrò tó ń jẹ ìda á wọlé, á jẹ ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀."

"Bí mo bá ṣí i?"

"N ó kó wọn lọ bá agbo mìíràn tó ní ìyá. Wọ́n á yè. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, Màmá. Wọn ò ní jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ yìí mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òórùn ìyá tuntun á ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá."

Alága ti rí ohùn rẹ̀ padà. "Òfin wà lẹ́yìn yín, Ìyá. Bí ẹ bá ní ká má ṣí i, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án fún oṣù mẹ́rin."

Ohun tó ti fi ṣe odi nìyẹn, wọ́n gbé e fún un ní gbangba. Ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa báàgì jáde lábẹ́ àga, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n kó àwọn àgbàlagbà jáde sínú àgbàlá, wọ́n sì ti fèrèsé. Gíà Kẹrin nìkan ló kọ̀ láti lọ. Ó ní òun ti wa ọkọ̀ epo gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá rí, kí wọ́n gbé agolo èéfín tó ń mú oyin rọlẹ̀ fún òun. Olóyin fún un, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì fi àwọ̀n bo ojú rẹ̀ àti ti Ìyá Aránṣọ.

Kọ́kọ́rọ́ yí. Ilẹ̀kùn kọ́kọ́ kọ̀, nítorí wọ́n ti fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù yí ká. Olóyin ní láti fi irin já a. Nígbà tó já, ó ṣí láìdún, bí gbogbo ilẹ̀kùn tí Baba Dídán kàn.

Ọkùnrin kan dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kóòtù náà ti kún. Àyà rẹ̀ yọ síwájú, apá méjèèjì nípọn dé ìgúnpá, èjìká òsì sì rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tó fi ogójì ọdún ru pákó. Iwájú rẹ̀ tí Ìyá Aránṣọ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí ti pa pọ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, oje igi dúdú ló lẹ̀ ẹ́, tínínrín, gbọọrọ bí ojú rírán. Èyí tó sì wà lókè kọ́là kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Àwọn oyin ti so mọ́ra wọn láti ara ọ̀pá tí háńgà kọ́ sí dé ọrùn kóòtù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí ara wọn, wọ́n ṣe róbótó, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí orí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Orí náà ń rìn. Ó ń yíra padà lórí ara rẹ̀ láìkúrò lójú kan.

Gíà Kẹrin pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń tẹ èéfín sí ògiri.

"Síbí, Bàbá," Olóyin wí pẹ̀lú sùúrù. "Ibí ni kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí."

Èéfín kàn án. Orí náà yọ́. Ó ṣàn wọ inú kọ́là, ó lọ, háńgà onígi nìkan ló kù lókè. Ìyá Aránṣọ na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà kóòtù náà. Ó gbóná. Ooru rẹ̀ gan-an ni, kò dín, kò lé. Ooru tó ti sùn tì fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó sì ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Olóyin yọ ọ̀bẹ.

"Fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, ọmọ mi," Ìyá Aránṣọ wí. "Èmi ni mo rán an. Èmi ni n ó tú u."

Ó mú abẹ ìtúṣọ tó wà nínú àpótí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká òsì, èyí tó ti fúnra rẹ̀ gé rẹlẹ̀ kó lè bá ara onítọ̀hún mu. Òwú kan, òwú kejì. Kò kánjú, nítorí ẹni tó bá fa òwú á ya aṣọ. Oyin kan ta á ní àtàǹpàkò. Olóyin fi èékánná ha oró náà dànù kó má baà wọlé sí i, Ìyá Aránṣọ sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tú èjìká ọ̀tún. Ó tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti abíyá dé ìsàlẹ̀. Iwájú kóòtù wá sílẹ̀ lódindi bí ilẹ̀kùn kékeré, wọ́n sì rí bí àwọn oyin ṣe kọ́ ọ: afárá méje tó rọ̀ láti èjìká, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, àlàfo wọn dọ́gba, etí wọn sì yí bí egungun ìhà.

"Wò ó bó ṣe gún," ni Ìyá Aránṣọ wí. Kò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Olóyin ń gé afárá kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sínú férémù igi. Ìyá Aránṣọ ń fi òwú kọ́tìnnì dì í kó má baà ṣubú. Afárá tó wà láàárín ṣì ní ọmọ díẹ̀ nínú, àwọn tí ìyá wọn fi sílẹ̀ kẹ́yìn. Olóyin wá ìyá náà títí, kò rí i, bó ṣe rò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó kó àwọn férémù náà sínú àpótí òfìfo kan, ó gbé e sẹ́bàá ihò níta, kí àwọn oyin tó lọ oko lè bá àwọn yòókù. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, gbogbo wọn ti wọlé.

"Ibo lẹ fẹ́ kí n já yín sí, Màmá?"

"Ibi tí ẹ̀ ń kó wọn lọ," Ìyá Aránṣọ wí.

Ó gbé àpótí náà lé itan nínú ọkọ̀, nítorí ọ̀nà náà ní kòtò. Wọ́n ń ké ní gbogbo ọ̀nà, ohùn gígùn yẹn, ó ń wọ itan rẹ̀ lọ. Kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó ní láti sọ ti pọ̀ jù, ọ̀nà náà sì ti kúrú.

Abẹ́ igi ni Olóyin to àwọn àpótí rẹ̀ sí, bí ogún. Ó dúró ti ọ̀kan, ó ṣí ìdérí rẹ̀. "Bí a bá dà wọ́n papọ̀ báyìí, wọ́n á pa ara wọn, nítorí òórùn wọn ò dọ́gba. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo la máa tẹ́ sáàárín. Wọ́n á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè àti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó fojú kan ara wọn, òórùn á ti di ọ̀kan."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Méjì, mẹ́ta. Àwọn ìsàlẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ló nilé. Ẹ̀rù máa ń ba àlejò. Wọ́n á kọ́kọ́ wonkoko mọ́ afárá tí wọ́n gbé wá, ó lè di ọ̀sán ọ̀la kí wọ́n tó gbìyànjú rẹ̀. Ẹ fún wọn láyè."

Ìyá Aránṣọ ló tẹ́ ìwé náà. Ó fọwọ́ na igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún un ní ojú mẹ́ta kí òórùn lè gbà á kọjá, bí Olóyin ṣe sọ. Wọ́n jọ gbé àpótí lé e. Ó gbé etí sí ara igi.

Ẹkún náà ti dá. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn kékeré kan, gbígbẹ, bí àlùmọ́gàjí tó ń gé aṣọ nínú yàrá kejì.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ni ó wí.

"Kò lè jẹ́." Olóyin náà gbé etí sí i. Ó yọ etí, ó wo àpótí. Ó gbé ìdérí òkè sókè díẹ̀, ó tan iná kékeré síbẹ̀.

Afárá méje ṣófo. Kò sí oyin kan lórí wọn. Wọ́n ti fi oyin dídùn àti ọmọ tó wà nínú afárá sílẹ̀. Gbogbo agbo ló wà nísàlẹ̀ lórí ìwé náà, láti etí dé etí, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń jẹ ẹ́.

"Àwọn ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Aránṣọ béèrè.

Olóyin fi etí kan àpótí ìsàlẹ̀, ó kan án lẹ́ẹ̀mejì. Hùn. "Wọn ò tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé." Ó dìde, ó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Mi ò rí irú èyí rí, Màmá. Àwọn tòkè ni. Àwọn nìkan ni."

Láti ìgbà tó ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde ni Ìyá Aránṣọ ti ń rò pé òun lòún ń já ọkọ òun jù sílẹ̀, tó sì ń bẹ̀bẹ̀ lọ́kàn pé kó má bínú. Ó dúró ti àpótí náà nínú ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tí oyin ta ti wú, ó ń gbọ́ wọn. Wọn ò sinmi, wọn ò sì wẹ̀yìn. Bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ, ohùn ìwé náà ń yá sí i, bí ti àwọn tí ẹnì kan ti dá dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ti tó, àwọn fẹ́ máa lọ.